Ta Ló Ni "Jingo"? Àgbéyẹ̀wò Orin Rọ́ọ̀kì Àtijọ́ Láti Àjàrá

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn àgbà Àjàrá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ẹ bi wọ́n léèrè àwọn olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n fẹ́ràn jù nígbà èwe wọn, orúkọ tí wọ́n máa dá kò ní yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ó gbọ́ ní Sùúrùlérè tàbí Ìbàdàn: Beatles, Rolling Stones, Jimi Hendrix, Santana. Ẹnìkan á ní Cliff Richard ńkọ́? Ẹlòmíràn á fi Jim Reeves kún un, kò sì sí ọmọ tó láyà láti sọ fún un pé orin Jim Reeves kì í ṣe rọ́ọ̀kì. Bó bá wá kan Santana, "Jingo" ni wọ́n máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà, ọwọ́ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì. Ìwọ̀nba ni ẹni tó máa rántí pé ọmọ Àjìdó, níhìn-ín ní ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì, ló kọ́kọ́ gbé orin yẹn jáde nínú àwo, ní ọdún mẹ́sàn-án kí Santana tó gbé tirẹ̀.

Nítorí náà, ká máa to orúkọ olórin tí a fẹ́ràn jọ kò tó. Ó yẹ ká bèèrè ohun tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì gbà lọ́wọ́ wa, ohun tí àwa náà gbà lọ́wọ́ wọn, àti orúkọ ẹni tí wọ́n kọ sí ojú àwo nígbà tí owó dé. Èrò tèmi ni pé ìlù ni ayé gbà lọ́wọ́ etí òkun yìí, gìtá la gbà lọ́wọ́ ayé, ibi tí ìlù àti gìtá ti pàdé láìjẹ́ pé ọ̀kan di ọmọ ọ̀dọ̀ èkejì ni orin tó dára jù wà. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Àjìdó ni wọ́n bí Babátúndé Ọlátúnjí sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1927. Bàbá rẹ̀, apẹja tó ti fẹ́ jẹ oyè, kú ní nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n tó bí i. Bó ṣe di Babátúndé nìyẹn. Amọ̀kòkò ni ìyá rẹ̀, ọmọ Ògù, ìyá ìyá rẹ̀ sì jẹ́ abọrẹ̀ vodun. Èdè Ògù àti Yorùbá ló jọ fi dàgbà, bí ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè yìí ti ń ṣe títí dòní. Ó ka ìwé ní Baptist Academy l'Ékòó, ó rí i nínú Reader's Digest pé ẹgbẹ́ Rotary ń san owó ilé ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó kọ̀wé sí wọn, ó sì dé Morehouse College ní Atlanta ní 1950. Ìlù kọ́ ló gbé e dé ọ̀hún. Nígbà tó tún lọ kà nípa ìṣàkóso ìlú ní New York University ló kó àwọn onílù díẹ̀ jọ kó lè máa rí owó ná. Ohun tó fi ń wá owó ilé ìwé ni ayé padà wá mọ̀ ọ́n sí.

John Hammond ti ilé iṣẹ́ Columbia rí i ní 1957. Hammond yìí kan náà ló mú Bob Dylan wọ Columbia lẹ́yìn náà. Ní 1960, Drums of Passion jáde. Kò sí gìtá nínú àwo yẹn, kò sí dùùrù, kò sí fèrè: ìlù, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn ènìyàn ni gbogbo rẹ̀. Orin 8 ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kan kí òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí òmíràn kí ọdún tuntun, tí Ọya àti Ṣàngó náà gba tiwọn. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn elégbè obìnrin rẹ̀, Yorùbá kì í ṣe èdè wọn, ohùn ọ̀rọ̀ sì máa ń yẹ̀ lẹ́nu wọn níbi kọ̀ọ̀kan. Èmi kò rí i bí àléébù. Ìtara tí wọ́n fi ń gbè é ju ti ọ̀pọ̀ elégbè wa tó gbọ́ èdè náà dáadáa lọ.

Àwo yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ní 1964, Serge Gainsbourg, olórin ilẹ̀ Faransé, gbé Gainsbourg Percussions jáde. Mẹ́ta nínú orin ibẹ̀ ló wá láti inú Drums of Passion, kò sì sí orúkọ Ọlátúnjí níbẹ̀ rárá. Ó pé ọ̀pọ̀ ọdún kí orúkọ náà tó wọ ibi tó yẹ kó wà. Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tí John Coltrane, onífèrè jáàsì, ṣe. Ìyẹn kọ orin kan ní 1962, ó pè é ní "Tunji", ó fi bọ̀wọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1967, ó ṣeré ní ilé àṣà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Òpópónà 125 ní Harlem. Coltrane kú ní oṣù keje ọdún yẹn, eré náà sì ni èyí tó gbẹ̀yìn tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣeré fún èrò. Ìwà àwọn méjèèjì sí ọmọ Àjìdó yìí kò dọ́gba.

Santana wà láàárín wọn. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, oṣù tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níbi eré ńlá Woodstock, "Jingo" sì ni wọ́n kọ́kọ́ mú jáde fún títà lọ́tọ̀. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra. Nínú ti 1960, ohùn kan ń dá, ègbè ń gbè, ìlù ń fèsì fún àwọn méjèèjì; bí ẹ bá yọ ohùn kúrò, ìtàkùrọ̀sọ náà dópin. Nínú ti 1969, béèsì David Brown àti kọ́ńgà Michael Carabello ló ń gbé orin rìn, Gregg Rolie wà lórí dùùrù, ọ̀rọ̀ orin ti di ìró tí wọ́n kàn ń pè pọ̀, gìtá Santana sì ti gba iṣẹ́ ègbè lọ́wọ́ ègbè. Ohun tó jẹ́ kó dùn ni pé Santana kò jẹ́ kí gìtá náà sáré kọjá ìlù. Ó ń dúró, ó ń gbọ́, ó ń fèsì. Ọmọ Mẹ́síkò tó mọ ìlù àwọn ará Kúbà dáadáa ni, ìlù Kúbà náà sì kún fún ohun tí wọ́n kó gba etí òkun wa yìí kọjá nínú ọkọ̀ ẹrú. Ẹni tó bá mọ Àgbádárìgì kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1971, Santana wà ní Accra níbi eré ńlá Soul to Soul ní Black Star Square, pẹ̀lú Wilson Pickett àti Ike àti Tina Turner, Ghana ń ṣe ọdún òmìnira rẹ̀. Ohun tó jáde láti etí omi wa wá padà sí etí omi pẹ̀lú ẹ̀rọ ìmúhùngbòòrò.

Àwọn olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà kan kò gbàgbé Ọlátúnjí náà lójú ayé rẹ̀. Mickey Hart, onílù Grateful Dead, ní ọmọ ilé ìwé lòun wà nígbà tí òun kọ́kọ́ rí i. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1985, ẹgbẹ́ Ọlátúnjí ló ṣáájú Grateful Dead lórí ìtàgé ní Oakland. Ní 1991, òun àti Hart wà nínú Planet Drum, pẹ̀lú Zakir Hussain ará Íńdíà àti Sikiru Adépọ̀jù onígángan, àwo náà sì gba ẹ̀bùn Grammy àkọ́kọ́ tí wọ́n fún irú orin bẹ́ẹ̀. Ọlátúnjí kú ní California ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2003, ó ku ọjọ́ kan kó pé ọdún 76.

Àwọn aláwọ̀ funfun tó wá sí Èkó fúnra wọn ńkọ́? Ìtàn méjì ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n sì máa ń sọ wọ́n pọ̀ bí ẹni pé bákan náà ni wọ́n. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, wa Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ní 1971, ó bá Fẹlá gba orin sílẹ̀, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà, ó sì wà níbí fún ọdún mélòó kan. Ìwà rẹ̀ le, ó fẹ́ràn póòlò bí ẹni máa kú, ìnáwó rẹ̀ kò ní ìdíwọ̀n, ṣùgbọ́n ó jókòó kọ́ ìlù lọ́wọ́ àwọn onílù wa, kò sì díbọ́n pé òun ló dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Salt tó dá níbí ló kó Berkley Jones, Laolu Akins àti àwọn ìbejì Lijadu pọ̀ sójú kan.

Paul McCartney, tó ti wà nínú Beatles tẹ́lẹ̀, ní tirẹ̀ wá ní oṣù kẹjọ ọdún 1973. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Apapa ló fẹ́ lò, méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti yọwọ́ kí ọkọ̀ òfurufú tó gbéra, ó ku òun, ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá òun àti Linda lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gba téèpù tí orin tuntun wà nínú rẹ̀ lọ. Fẹlá wá gbé e sínú pé ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú kó. McCartney ní kó wá gbọ́ ohun tí òun ń ṣe fúnra rẹ̀. Mo ti gbọ́ Band on the Run, àwo tó ti ibẹ̀ jáde, dáadáa, èmi náà kò rí ohun tó jí níbẹ̀. Orin Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá fẹ́ bínú, ohun tó yẹ ká bínú sí ni pé ó dé Èkó, ó gbọ́ Fẹlá ní Shrine tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti sọ lẹ́yìn náà, síbẹ̀ kò sí ohun kan tó wọ inú àwo náà. Ọmọ ilẹ̀ wa kan ṣoṣo tó lu nǹkan níbẹ̀, Remi Kabaka nínú "Bluebird", London ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn ọmọ tiwa tó gbé gìtá. Geraldo Pino láti Sàró ló kọ́kọ́ da Èkó rú lẹ́yìn 1965 pẹ̀lú ohun èlò tuntun àti orin James Brown, tí ojú Fẹlá fi là. Ogun 1967 sí 1970 dí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ nǹkan, àmọ́ kò dí ti gìtá: àwọn ṣọ́jà fẹ́ fàájì, ẹgbẹ́ olórin pọ̀ ní Aba, Enugu àti Owerri lẹ́yìn ogun ju bó ti wà ṣáájú lọ. Ibẹ̀ ni Funkees ti jáde kí wọ́n tó kọjá sí London. Ofo the Black Company gbé "Allah Wakbarr" jáde ní 1972, gìtá inú rẹ̀ dà bí irin tí wọ́n ń fi irin gé. Ní St. Gregory's College ní Obalende, àwọn ọmọ ilé ìwé dá Ofege sílẹ̀, wọ́n sì gbé Try and Love jáde ní 1973 nígbà tí wọn kò tíì kúrò lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé. Àwọn orin náà jẹ́ ti ọmọdé, ọkàn ìfẹ́ tó ń gbóná láìmọ ibi tó ń lọ. Nítorí èyí ni mo fi fẹ́ràn wọn. Bí wọ́n bá gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, wọn ò ní kọ irú rẹ̀.

BLO ni mo kà sí ọ̀gá nínú wọn. Ọkùnrin mẹ́ta péré: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins lórí ìlù, Mike Odumosu lórí béèsì. Chapter One jáde ní 1973. Ẹni tó bá gbọ́ Cream tàbí Hendrix máa mọ ibi tí ìṣètò ẹni mẹ́ta náà ti wá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìlù Akins kì í ṣe ti òyìnbó, ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀ níbi tí òyìnbó á ti sáré. Joni Haastrup àti MonoMono tẹ̀ lé wọn, tàbí kí n sọ pé wọ́n ṣáájú, nítorí Give the Beggar a Chance ti jáde ní 1972. Ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ti tálákà ló kún inú rẹ̀, ohùn Haastrup tútù, dùùrù rẹ̀ gbóná.

Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, tí wọ́n bá Fẹlá tan, ni a sábà máa ń gbàgbé nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ń to orúkọ, ẹ̀bi àwọn ọkùnrin sì ni. Danger jáde ní 1976, Horizon Unlimited ní 1979, Biddy Wright ló bá wọn ṣètò orin. Àwọn méjèèjì ń kọrin bí ẹni pé ẹnu kan ni ohùn wọn ti ń jáde, gìtá inú "Danger" sì mú bí abẹ. Láti ìgbà tí Kẹ́hìndé ti kú ní 2019, ó ṣòro fún mi láti gbọ́ wọn láì dá orin dúró láàárín.

Sonny Okosun ní tirẹ̀ ló rí ọjà jù. "Fire in Soweto" tó gbé jáde ní 1977 gba gbogbo Áfíríkà kan. Nígbà tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà sì pé jọ ní 1985 láti kọ orin Sun City lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ní South Africa, wọ́n pè é wá síbẹ̀. Ìgbà tó yá ó di ajíhìnrere, ó ń kọ orin ìyìn. Kì í ṣe òun nìkan ló tọ ọ̀nà yẹn. Bí ẹ bá wo inú ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó lónìí, ọ̀pọ̀ àrà tí àwọn onígìtá ibẹ̀ ń dá, láti ayé rọ́ọ̀kì yẹn ló ti wá.

Àwọn oníjùjú náà kò fi gìtá sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohùn gìtá tó ń yọ̀ bí òróró nínú orin King Sunny Adé, ọwọ́ Demola Adépọ̀jù ló ti ń wá, Demola yìí kan náà sì ni Paul Simon pè kó wá ta gìtá rẹ̀ sínú "Graceland" ní 1986. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní pe jùjú ní rọ́ọ̀kì, wọn kò sì jayò pa. Síbẹ̀, nínú gbogbo ibi tí gìtá oníná wọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ibẹ̀ ló ti rí ilé gbé jù.

Ohun tó yàtọ̀ fún wa ní Àjàrá sí àwọn ará Èkó ni Kútọnu. Bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ kò dí rédíò lọ́wọ́, ẹni tó gbọ́ Ògù sì máa gbọ́ púpọ̀ nínú orin tí wọ́n bá fi èdè Fọn kọ. Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou, tí Mélomé Clément dá sílẹ̀ ní 1968, ni ẹgbẹ́ tó ṣe ohun tí mo ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kọ orin tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan, fọ́ǹkì, pachanga, sọ́ọ̀lù, ohunkóhun tí èrò bá fẹ́. Àmọ́ èyí tó ta yọ ni àwọn tí wọ́n fi ìlù vodun ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀: sákpátá, àti sátò, ìlù gíga tí a ń lù ní ìdúró fún ìrántí òkú, tí àwa náà ní ní Àgbádárìgì. Sátò ń lọ ní tirẹ̀, kò yí ẹsẹ̀ padà nítorí ẹnikẹ́ni. Gìtá Papillon ló ń wá àyè láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, bí àyè kò bá sí, ó dákẹ́. Ohun tí Santana ṣe fún ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú "Jingo", àwọn wọ̀nyí ń ṣe é ní àwo dé àwo, nílé, láìsí Woodstock. Papillon àti onílù Léopold Yèhouessi kú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ náà sì pa lọ́lọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 2009 ni wọ́n tó kọ́kọ́ ṣeré ní Yúróòpù, lẹ́yìn tí wọ́n ti darúgbó, nígbà tí ilé iṣẹ́ Jámánì kan tí ń jẹ́ Analog Africa ti ń kó orin wọn jáde.

Bí tiwa ṣe parí kò gbà mí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Dísíkò dé, ohun èlò wọ́n, náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú sì pa àwo. Àwọn ilé iṣẹ́ agbórinjáde kò tọ́jú téèpù wọn bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé London àti California la ti ń ra orin Aba àti Èkó báyìí: Soundway gbé Nigeria Rock Special jáde ní 2008, Now-Again gbé Wake Up You! jáde ní 2016, Uchenna Ikonne ọmọ ilẹ̀ wa ló sì kọ ìtàn inú ìyẹn. Ó dára pé ẹnìkan tọ́jú wọn. Ó kàn jẹ́ pé iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan, kò sí olùkọ́ ilé ìwé kan ní Àjàrá tó máa ná an lórí àwo.

Ẹni tó bá ní kí n mú méjì péré, n ó mú "Jin-Go-Lo-Ba" ti 1960, mo sì máa fi "Gbeti Madjro" ti Poly-Rythmo tì í. Mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn BLO máa ní mo ṣe ojúsàájú fún etí omi, àwọn tó fẹ́ràn Hendrix kò tilẹ̀ ní dá mi lóhùn. Hendrix lágbára ju gbogbo wọn lọ lórí gìtá, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìlù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Mitch Mitchell ló ń lù ú, ẹ sì gbọ́ bó ṣe ń sáré tẹ̀ lé gìtá kiri.